Wálẹ́ẹ̀tì kírípítò fún ẹni tó ń tajà ní Gbági

Ìbéèrè tí àwọn èèyàn kọ́kọ́ máa ń bi mí ni pé kí ló dé tí mi ò kó lọ sí Èkó. Àwọn tó ń fi owó sí bísínẹ́ẹ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde, Èkó ni wọ́n pọ̀ sí, àwọn ọmọ tó mọ kọ́ọ̀dù kọ náà, Yábàá ni wọ́n ń forí lé, kí ni mo wá jókòó tì n'Íbàdàn tí mò ń ṣe wálẹ́ẹ̀tì kírípítò, ìyẹn áàpù téèyàn fi ń tọ́jú owó orí ẹ̀rọ tó sì fi ń fi í ránṣẹ́. Ìdáhùn mi ò gùn rárá, àwọn tí mò ń ṣe é fún, ibí ni wọ́n wà. Ẹ lọ sí Agbowó, iwájú UI níbẹ̀ yẹn, ẹ wo àwọn ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ fún òyìnbó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, USDT, ìyẹn kírípítò tí ẹyọ kan ẹ̀ ń ṣe déédéé dọ́là kan, ni wọ́n fi ń sanwó fún wọn. Ẹ dé Ìwó Road lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta fóònù àti ṣájà, ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń sanwó fún ẹni tó ń kó ọjà fún wọn ní Ṣáínà. Ẹ wọ Gbági, ẹ bá àwọn ìyá tí ọmọ wọn wà ní Kánádà sọ̀rọ̀. Kírípítò ò ṣàjèjì sí wọn mọ́. Àwọn áàpù tí wọ́n fi ń lò ó ló ṣì ṣàjèjì sí wọn, torí àwọn tó ṣe é ò fojú kàn wọ́n rí, wọn ò sì rò wọ́n mọ́ ọn.

Kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé fún ẹni tí ò mọ̀ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Owó ò sí nínú wálẹ́ẹ̀tì. Orí blockchain ni owó wà, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà jọ ń tọ́jú káàkiri ayé, kọ́kọ́rọ́ lohun tó wà nínú fóònù yín, òun lẹ fi ń sọ pé kí owó yìí kúrò lọ́dọ̀ mi kó lọ sọ́dọ̀ lágbájá. Ẹni tó bá ní kọ́kọ́rọ́ ló lowó, kò sí ẹjọ́ níbẹ̀. Ọ̀nà méjì lèèyàn sì lè gbà tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ọ̀hún. Ẹ lè fi sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan kí wọ́n máa bá yín mú un, bí ìgbà téèyàn ń dáwó fún alájọ, alájọ yẹn lè jẹ́ olóòótọ́ títí ayé, ó sì lè di ọjọ́ kan kẹ́ ẹ wá a tì. Nígbà tí FTX, ilé iṣẹ́ ńlá kan tó ń bá àwọn èèyàn tọ́jú kírípítò wọn, wó ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, àwọn tó kó owó síbẹ̀ ṣì ń rí iye owó wọn lójú fóònù, ṣùgbọ́n wọn ò lè gbà á jáde. Ọ̀nà kejì ni kóló, ẹ̀yin lẹ kàn án, ẹ̀yin lẹ mọ ibi tẹ́ ẹ gbé e sí, kò sẹ́ni tó lè fọ́ ọ láìjẹ́ pé ẹ gbé e fún un. Kóló lèmi mú. Mo mú un torí pé mo dàgbà sáàárín àwọn èèyàn tí wọ́n ti fi owó sọ́wọ́ onírúurú èèyàn tí wọn ò rí i gbà padà, mi ò sì fẹ́ kí orúkọ mi wọ inú irú ìtàn yẹn láéláé.

Àmọ́ kóló ní ìṣòro tiẹ̀, ọ̀rọ̀ méjìlá ni. Ẹ ṣí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn wálẹ́ẹ̀tì tó wà níta, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ gbé fún yín ni ọ̀rọ̀ òyìnbó méjìlá, wọ́n á ní kẹ́ ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, kẹ́ ẹ má fi han ẹnikẹ́ni, kẹ́ ẹ má sì sọ ọ́ nù, torí ẹni tó bá rí ọ̀rọ̀ méjìlá yẹn ti rí gbogbo owó, bó bá sì sọ nù tí fóònù náà bà jẹ́, ó parí nìyẹn. BIP39 ni wọ́n ń pè é, ọdún 2013 ni wọ́n gbé e jáde, inú àkójọ ọ̀rọ̀ 2048 ni wọ́n ti ń ṣa méjìlá yẹn. Ọgbọ́n tó wà nínú ẹ̀ pọ̀, mi ò ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Lẹ́tà mẹ́rin àkọ́kọ́ ti tó láti dá ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan mọ̀, apá kan nínú ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn sì wà níbẹ̀ láti yẹ gbogbo èyí tó ṣáájú wò, tẹ́ ẹ bá ṣi ọ̀kan kọ, ó ṣeé ṣe dáadáa kó pariwo. Wọ́n ṣe ti Faransé, wọ́n ṣe ti Ítálì, ti Kòríà, ti Jàpáànù, ti Pọtogí, wọ́n tiẹ̀ ṣe ti Czech. Ti Yorùbá ò sí níbẹ̀.

Mo ti rí ibi tí àwọn èèyàn ń kọ ọ̀rọ̀ méjìlá yìí sí. Mo ti rí i lẹ́yìn ìwé tí wọ́n ń kọ gbèsè kọ́sítọ́mà sí, ìwé tí ọmọ iṣẹ́ ń ṣí láràárọ̀. Mo ti rí ẹni tó ya fọ́tò ẹ̀ tó sì fi ránṣẹ́ sí ọmọ ẹ̀ lórí WhatsApp pé kó bá òun tọ́jú ẹ̀. Inú Bíbélì ni tẹlòmíì wà, Bíbélì yẹn sì ti tẹ̀ lé ẹnìkan lọ sí ìsọjí, kò padà wálé. Nígbà tí mo bá sọ èyí fún àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe, wọ́n á ní ká lọ kọ́ àwọn èèyàn lẹ́kọ̀ọ́ ni. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí. Ìyá tó ń ta léèsì ní Gbági mọ ẹni tó jẹ ẹ́ lówó, iye tó jẹ àti ìgbà tó ní òun máa san, tí ò sì ní wo ìwé kankan, ó mọ àwọ̀ aṣọ tí ẹ̀gbẹ́ kan rà lọ́dún tó kọjá àti ẹni tó dúró fún wọn. Ẹni tó bá ní irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ò lè tọ́jú owó, kó lọ jókòó ní ìsọ̀ ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kó wò. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un ni ò bá ayé ẹ̀ mu, ẹni tó gbé iṣẹ́ yẹn fún un ló yẹ kó tún un ṣe.

Ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1979, onímọ̀ ìṣirò kan tó ń jẹ́ Adi Shamir kọ ìwé kan tó fi hàn pé èèyàn lè pín àṣírí sí ọ̀nà mẹ́ta, kó wá jẹ́ pé méjì èyíkéyìí nínú ẹ̀ ti tó láti tún un tò padà, tí ẹyọ kan ṣoṣo ò sì ní sọ nǹkan kan fún ẹni tó bá rí i. A gbé kọ́kọ́rọ́ olúkúlùkù, a pín in bẹ́ẹ̀. Ìpín kan wà nínú fóònù yín, ìka yín ló ń ṣí i. Ìkejì wà nínú àkáǹtì Google yín, a ti tì í pa kó tó débẹ̀, Google gan-an ò lè kà á. Ìkẹta wà lọ́wọ́ ẹnìkan tí ẹ̀yin fúnra yín mú. Tí wọ́n bá já fóònù yín gbà ní Mọ́kọ́lá, ẹ ra òmíì, ẹ wọ Google yín, ẹ pe ẹni yẹn kó tẹ bọ́tìnì kan lórí fóònù tiẹ̀, owó yín ti dé. Àwa ò ní ìpín kankan lọ́wọ́. Bí ilé iṣẹ́ wa bá pa rẹ́ lọ́la, ẹ ṣì máa rí owó yín kó.

Kọ́ọ̀dù ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ le, àwọn onímọ̀ ìṣirò ti ṣe èyí tó le níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Ta ni kẹ́ ẹ fún ní ìpín kẹta, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ẹni tó bá ń ka àwọn ìwé tí òyìnbó kọ nípa ọ̀rọ̀ yìí á rò pé ọkọ tàbí ìyàwó ni. Ẹ bi wọ́n l'ọ́jà. “Ọkọ mi kẹ̀? Kó lè máa mọ iye tí mo ní?” Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra ọkọ wọn o, ohun tí ìyàwó fi pamọ́ lọ́jà ló ń di owó iléèwé lọ́jọ́ tí nǹkan bá le, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ẹni tó bá mú ìpín yín dání ò ní rí iye tó wà níbẹ̀, kò ní rí ìgbà tó wọlé tàbí ìgbà tó jáde. Àwọn kan mú ẹ̀gbọ́n wọn, àwọn kan mú ìyá ẹgbẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní àsàlátù. Ìyá kan wá mú ẹni tó ń ta irú ọjà tó ń tà gan-an, ìsọ̀ wọn kọjú síra, wọ́n jọ ń fa kọ́sítọ́mà mọ́ra wọn lọ́wọ́ lójoojúmọ́. Mo bi í pé mọ́mì, ṣé ó dá yín lójú ni. Ó ní àwọn ti jọ ń dá àjọ láti ìgbà tí òun ò tíì bí àkọ́bí òun, kò sì sí oṣù tí ìyẹn jẹ́ kó yẹ̀. Mo ronú sí ọ̀rọ̀ yẹn títí. Lọ́jà, ẹni tó bá ti bá yín dájọ lẹ mọ̀ lámọ̀dájú, ẹbí ò wá sínú ẹ̀. A wá lọ yí ìbéèrè ojú áàpù wa padà, a yọ ọ̀rọ̀ ẹbí kúrò níbẹ̀, ohun tó ń bi yín báyìí ni pé ta lẹ lè kó owó àjọ yín fún.

Ọ̀rọ̀ gáàsì ńkọ́, ìyẹn owó iṣẹ́ tí blockchain ń gbà kéèyàn tó lè fi owó ránṣẹ́. Èyí ló ń pa àwọn ọmọ Agbowó lẹ́kún jù. Ọmọ á ṣiṣẹ́, wọ́n á fi USDT ránṣẹ́ sí i lórí Tron, ọ̀kan nínú àwọn blockchain tó wà, á rí ọgọ́ta dọ́là lójú fóònù, á fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó máa fún un ní náírà, wálẹ́ẹ̀tì á ní kò ṣeé ṣe, kò ní TRX. Kí ni TRX? Owó mìíràn ni, òun ni Tron fi ń gba owó iṣẹ́, kẹ́ ẹ tó lè náwó tẹ́ ẹ ní ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ wá owó mìíràn tẹ́ ẹ ò ní, kẹ́ ẹ tó rí ìyẹn rà ẹ gbọ́dọ̀ ní àkáǹtì síbòmíì, kẹ́ ẹ tó ní àkáǹtì ẹ máa fi NIN sílẹ̀ kẹ́ ẹ sì yàwòrán ojú yín, ọmọ tí ebi ń pa ló ń ṣe gbogbo ìyẹn láago mẹ́sàn-án alẹ́. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí Tron ń lò gan-an ni nǹkan tí wọ́n ń pè ní energy, ẹni tó bá ti TRX pa síbẹ̀ máa ń rí i gbà, ó sì lè fi yá ẹlòmíì. Àwa la ń ti TRX tiwa pa, a ń yá ẹni tó fẹ́ fi owó ránṣẹ́ ní energy lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, a sì ń yọ owó kékeré nínú USDT ẹ̀, iye ẹ̀ á ti hàn sí i kó tó tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Lórí Ethereum àti àwọn blockchain mìíràn tó jọ ọ́, ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní ERC-4337 tó jáde ní oṣù kẹta ọdún 2023 ti fún wa láyè láti bá èèyàn san gáàsì náà. Ẹni tó ń lo wálẹ́ẹ̀tì wa ò nílò láti mọ orúkọ ìkankan nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ àdírẹ́ẹ̀sì náà wà níbẹ̀, ìyẹn àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà tẹ́ ẹ máa fi owó ránṣẹ́ sí, bíi nọ́ńbà àkáǹtì. Èyí tó bá fi T bẹ̀rẹ̀ tó gùn tìrìgbọ̀, Tron ni, a ò ní bi yín ní nǹkan kan. Èyí tó bá fi 0x bẹ̀rẹ̀, ó lè jẹ́ Ethereum, ó lè jẹ́ BNB Chain, bákan náà ni wọ́n rí, kò sẹ́ni tó lè fojú mọ̀ ọ́n, tẹ́ ẹ bá sì fi ránṣẹ́ sórí èyí tí ẹni tó fẹ́ gbà á ò lò, owó lè há síbẹ̀. Níbẹ̀ áàpù wa á dúró, á kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú kan tẹ́ ẹ lè fi ránṣẹ́ sí ẹni náà lórí WhatsApp kó dáhùn. Àwọn oníjìbìtì tún ní ìwà kan, wọ́n á ṣe àdírẹ́ẹ̀sì tí ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí ẹ̀ jọ ti ẹni tẹ́ ẹ máa ń fowó ránṣẹ́ sí, wọ́n á fi owó tí ò tó nǹkan ránṣẹ́ sí yín kí àdírẹ́ẹ̀sì wọn lè wà nínú àkọsílẹ̀ yín, wọ́n á wá máa dúró de ọjọ́ tẹ́ ẹ máa kánjú. A ò jẹ́ kéèyàn lè mú àdírẹ́ẹ̀sì látinú àkọsílẹ̀ mọ́. Ẹ fi orúkọ pa á mọ́, Ìyá Sọlá, Bọ̀dá Ìwó Road, orúkọ lẹ ó máa tẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀ ni ohùn. Gbogbo wa la mọ bí ọkàn ṣe máa ń rí téèyàn bá fowó ránṣẹ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wá lọ, tí áàpù ń yí bíríbírí, tí iná náà wá lọ lójijì, ṣé ó ti lọ ni àbí kò tíì lọ, kí n tún un tẹ̀ àbí kí n fi í sílẹ̀. Ibẹ̀ làwọn èèyàn ti ń sanwó lẹ́ẹ̀mejì. Wálẹ́ẹ̀tì wa máa ń rántí ibi tó dé kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó lọ, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá, ẹ̀ẹ̀kan ló máa lọ. Kó tó lọ sì rèé, ó máa sọ̀rọ̀ sí yín létí ní Yorùbá: ogún dọ́là lẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sí Ìyá Sọlá, tó bá ti lọ kò ṣeé dá padà, ṣé kó máa lọ? Tó bá dé ọ̀hún, á tún sọ fún yín. Ìyá kan tí ojú ẹ̀ ò ríran kàwé dáadáa mọ́ gbọ́ ohùn yẹn ní ìsọ̀ ẹ̀, ó pe àwọn tó wà nítòsí kí wọ́n wá gbọ́, ó ní kí fóònù tún un wí. Inú mi dùn débi tí mi ò lè sọ̀rọ̀. Àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ wa wò ti sọ pé ohùn yẹn ń mú kí áàpù wúwo, òótọ́ ni, a sì ti fún un pọ̀ kó lè wọ fóònù Itel tí ò ní àyè púpọ̀, ṣùgbọ́n a ò ní yọ ọ́ láé.

Ìjọba. Ní ọjọ́ 5 oṣù kejì ọdún 2021, CBN kọ lẹ́tà sí àwọn báǹkì pé kí wọ́n ti àkáǹtì ẹni tó bá ń ṣe kírípítò pa, nígbà tó di ọjọ́ 22 oṣù kejìlá ọdún 2023 wọ́n gbé ìlànà mìíràn jáde tó gba báǹkì láyè láti ṣí àkáǹtì fún àwọn ilé iṣẹ́ tó bá gbàwé àṣẹ. Ní oṣù kẹta ọdún 2025 ni Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin ìdókòwò tuntun tí wọ́n ń pè ní ISA, èyí tó fi ọ̀rọ̀ owó orí ẹ̀rọ yìí sábẹ́ SEC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìdókòwò. Ó dáa bẹ́ẹ̀, mo fẹ́ òfin. Àmọ́ àwọn ọdún tó wà láàárín yẹn ti kọ́ àwọn èèyàn láti máa ṣe é ní kọ̀rọ̀, ẹni tó bá sì ti ń ṣe nǹkan ní kọ̀rọ̀ kì í rí ibi fẹjọ́ sùn tí wọ́n bá lù ú ní jìbìtì.

Jìbìtì ọ̀hún ló sì jẹ́ kí iṣẹ́ wa le jù n'Íbàdàn níbí. Gbogbo ẹni tó ń gbé ìlú yìí ló rántí oṣù kẹrin ọdún 2025, nígbà tí ibi kan tó ní òun ń fi kírípítò sọ owó di ìlọ́po méjì dákẹ́ tí kò sanwó mọ́, tí àwọn èèyàn ya lọ sí ọ́fíìsì ẹ̀ ní Òkè-Àdó, wọ́n ń gbé àga, wọ́n ń gbé ohunkóhun tí wọ́n bá rí. Àwọn tọ́rọ̀ kàn ò kàn jẹ́ aláìmọ̀kan tó ń wá owó òjijì bí àwọn kan ṣe ń wí. Owó ilé ni ẹlòmíì kó síbẹ̀, owó tí wọ́n fẹ́ fi san iléèwé ọmọ. Láti ìgbà yẹn, tí mo bá ti pe kírípítò lẹ́nu, ọ̀nà méjì làwọn èèyàn pín sí: àwọn kan á ní kí n máa lọ, olè ni mí, àwọn kan á bi mí pé èrè mélòó ni yóò mú wá lóṣù. Mo máa ń sọ fún wọn pé kò ní mú èrè kankan wá, iye tẹ́ ẹ fi síbẹ̀ lẹ máa bá níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ á dìde lọ. Àwọn tó bá jókòó lẹ́yìn tí mo sọ bẹ́ẹ̀, àwọn ni mo fẹ́. A ti kọ ọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́ nínú áàpù pé wálẹ́ẹ̀tì yìí kì í sọ owó di púpọ̀, ẹnikẹ́ni tó bá fi orúkọ wa sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ má dá a lóhùn.

Àwọn tó fẹ́ fowó sí iṣẹ́ wa ò fẹ́ràn gbólóhùn yẹn. Ọ̀kan nínú wọn, èèyàn dáadáa ni o, ó bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, ó ní kí n jẹ́ kí owó àwọn èèyàn máa wà lọ́wọ́ wa, ká máa yá a jáde, ká máa rí èlé lórí ẹ̀, ibẹ̀ ni owó wà. Lóòótọ́ ibẹ̀ ni owó wà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mo bọ́ sínú mọ́tò, mo padà wá sí Ìbàdàn. Owó kékeré tí à ń gbà lórí ìfiránṣẹ́ ló ń gbé wa, pẹ̀lú wẹ́ẹ̀bùsáìtì tí à ń bá àwọn iléèwé ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́, owó epo jẹnẹrétọ̀ sì ń jẹ nínú méjèèjì. Kò tíì pọ̀, ṣùgbọ́n mo lè wọ Gbági nígbàkigbà kí n sì kí gbogbo èèyàn.

Ohun tó wà níwájú wa báyìí le ju gbogbo èyí lọ. Bàbá kan tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní Mọ́kọ́lá ló bi mí pé tí òun bá kú ńkọ́. Tó bá jẹ́ báǹkì ni, àwọn ọmọ á lọ sí kóòtù gba ìwé, ó lè pẹ́ ṣùgbọ́n wọ́n á rí i. Ti èyí, ta ló máa ṣí i? Mo ní bàbá, ẹ lè yan ẹnìkan, tí ẹ ò bá ti ṣí wálẹ́ẹ̀tì yín fún iye oṣù tẹ́ ẹ bá sọ, tí a ti pè yín pè yín tẹ́ ẹ ò dáhùn, owó á lọ sọ́dọ̀ ẹni yẹn. Ó wò mí. Ó ní ìyàwó méjì lòun ní, ẹnìkan wo lòun fẹ́ yàn tí ilé òun ò ní dàrú lọ́jọ́ kẹjọ? Bẹ́ẹ̀, ìdí igi ni wọ́n fi ń pín ogún nílé tiwọn, ìyàwó kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹ̀, kò sí wálẹ́ẹ̀tì kan ní gbogbo ayé tí mo mọ̀ tó ní àyè fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àwa ti ń kọ ọ́. Ìdí kọ̀ọ̀kan á ní aṣojú kan, gbogbo aṣojú gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pọ̀ kó tó ṣí, á sì pín ara ẹ̀ bí olówó ṣe fẹ́ kó pín, ìbáà jẹ́ ìdí igi, ìbáà jẹ́ orí-ò-jorí. Tí aṣojú kan bá kọ̀ láti fọwọ́ sí i ńkọ́, tí ọmọ kan bá yọjú lẹ́yìn ìsìnkú ńkọ́, a ò tíì yanjú ìyẹn.

Torí náà tẹ́ ẹ bá jẹ́ lọ́yà tó ń ṣe ẹjọ́ ogún, tàbí ẹ jẹ́ mọ́gàjí tó ti pín ogún nínú agboolé rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí mi, ọ̀rọ̀ yín wúlò fún wa ju ti ẹni tó mọ kọ́ọ̀dù lọ lásìkò yìí. Ẹni tó bá sì ní Itel tàbí Tecno tó ti pẹ́ lọ́wọ́, tó ń há, tí gíláàsì ẹ̀ ti là, irú fóònù bẹ́ẹ̀ gan-an là ń wá, Sátidé la máa ń dán iṣẹ́ tuntun wò ní ọ́fíìsì wa ní Bódìjà, ẹ mú un wá, a ó fi dátà sí i fún yín, ẹ ó sì lo nǹkan yìí níwájú wa kẹ́ ẹ sọ èyí tí ò yé yín.